Ọmọ Tuntun Tó Ní Ibà Pọ́njú: Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe Nítorí Etí Rẹ̀

Ìbéèrè yìí ni àwọn ìyá ọlọ́mọ ń bi mí jù: "Wọ́n ti tọ́jú jọ́ńdíìsì (ibà pọ́njú) ọmọ mi, ojú rẹ̀ ti funfun padà. Ẹnì kan wá sọ pé ibà yẹn lè di ọmọ létí. Ṣé òótọ́ ni?"

Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo jọ́ńdíìsì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ni ojú wọn máa ń pọ́n díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí kò sì ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Èyí tó ga gan-an, tàbí èyí tí wọ́n fi falẹ̀ nílé, ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Ohun méjì ni kẹ́ ẹ máa lé látòkè délẹ̀ ìtọ́sọ́nà yìí: iye tí jọ́ńdíìsì ọmọ yín ga dé, àti irú àyẹ̀wò etí tí wọ́n ṣe fún un. Àyẹ̀wò etí kan wà tí ọmọ tí etí rẹ̀ ní ìṣòro lè yege nínú rẹ̀ dáadáa.

## Àwọn àmì tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la

Bí ẹ bá rí ọ̀kan péré nínú àwọn wọ̀nyí, ẹ dá kíkà dúró. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú ọmọ tuntun, ì báà jẹ́ òru:

- Ojú tàbí ara ọmọ pọ́n kó tó pé wákàtí 24 tí ẹ bí i.
- Ó ń sùn ṣáá, ẹ ò rí i jí kó mu ọmú, tàbí ó mú un sẹ́nu tí kò lágbára láti fà á.
- Ara rẹ̀ rọ jọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹ bá gbé e. Tàbí ó le gbagidi, tó ń tẹ ẹ̀yìn, tí orí ń lọ sẹ́yìn.
- Ẹkún rẹ̀ yí padà, ó wá ń han gooro.
- Gìrì mú un, tàbí mímí rẹ̀ ń dáwọ́ dúró.
- Ara rẹ̀ gbóná, tàbí ó tutù ju bó ṣe yẹ lọ.
- Pípọ́n náà ti dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gìrì yẹn, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀. Bí ọmọ bá ń tẹ ẹ̀yìn, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé máa kọ́kọ́ wá ni àgbo gìrì. Ọmọ tí jọ́ńdíìsì mú tẹ ẹ̀yìn, ọpọlọ rẹ̀ ni nǹkan ń bà jẹ́ lọ́wọ́. Kò sí àgbo tó lè fa ohun náà jáde. Wákàtí tí ẹ fi ń wá ewé, inú rẹ̀ ni etí ọmọ ń lọ.

## Báwo ni jọ́ńdíìsì ṣe ń débi etí?

Bí ẹ̀jẹ̀ pupa bá ti gbó, ó máa ń fọ́, ohun aláwọ̀ ìyeyè kan á sì jáde lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bílírúbínì. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó o dànù. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì gbó tó láti kó o tán, òun ló ń mú kí ojú rẹ̀ pọ́n. Bí bílírúbínì bá wá pọ̀ ju ohun tí ẹ̀jẹ̀ lè dì mú lọ, á wọnú ọpọlọ. Iṣan ìgbọ́ràn, àti ibi tí ohùn kọ́kọ́ ń gbà kọjá nísàlẹ̀ ọpọlọ, wà lára ibi tó tètè ń bà jẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé etí fúnra rẹ̀ lè wà ní pípé. Ó dà bíi máíkì òde àríyá tó ń gba ohùn dáadáa, àmọ́ tí wáyà tó yẹ kó gbé e dé ẹ̀rọ ti já nínú. Orúkọ tí àwọn dókítà ń pe irú rẹ̀ ni auditory neuropathy. Ọmọ tó ní i lè gbọ́ ariwo, kó má mọ ohun tí ẹnu ń sọ. Ó lè gbọ́ lónìí kó má gbọ́ lọ́la, ibi tí ariwo bá sì wà ló ń le jù fún un.

## Ìgbésẹ̀ láti ọjọ́ ìbí títí dé ọjọ́ àyẹ̀wò etí

1. Ẹ máa yẹ ọmọ wò lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ni kẹ́ ẹ lò, lẹ́bàá fèrèsé, kì í ṣe iná gílóòbù. Àwọ̀ dúdú máa ń bo jọ́ńdíìsì mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ wo funfun ojú, èrìgì, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ imú tàbí iwájú orí rẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ sì ṣí i: ṣé awọ ibẹ̀ pọ́n? Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì ga jù láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún. Ọjọ́ tí gbogbo ilé ń sáré ìkómọ kiri nìyẹn, tí ọmọ ń tọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, tí ẹnikẹ́ni ò sì wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ á jẹ́ wíwò ọmọ yìí.

2. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ojú lásán kò lè sọ bó ṣe ga tó, kódà ojú nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ béèrè fún iye bílírúbínì. Ẹ tún béèrè fún irú ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ, àti àyẹ̀wò G6PD, èròjà kan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pupa tètè fọ́. Ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ O tó bí ọmọ A tàbí B, àti ìyá tí Rh (àmì kan lára ẹ̀jẹ̀) tirẹ̀ jẹ́ nẹ́gátíìfù, ọmọ wọn lè pọ́n kíákíá. Ní ti G6PD, ó wọ́pọ̀ láàárín wa gan-an. Ní Nàìjíríà, ó tó nǹkan bí ọ̀kan nínú ọkùnrin márùn-ún tó ní àìtó rẹ̀.

3. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sábẹ́ iná, ìyẹn iná búlúù àkànṣe tó ń fọ́ bílírúbínì, bí wọ́n bá ní ó tó. Ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wí pé ọmọ tí oyún rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ti lé ní wákàtí 96 láyé, iná ló kàn bí bílírúbínì bá ju 350 µmol/L lọ (nǹkan bí 20 mg/dL), pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló sì kàn bó bá ju 450 lọ (nǹkan bí 26 mg/dL). Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, tàbí tí kò tíì tó wákàtí wọ̀nyẹn, iye tirẹ̀ kéré sí èyí, nítorí náà ẹ má fi ìṣirò yìí jiyàn pẹ̀lú dókítà. Mo kọ ọ́ kí nọ́ńbà tí wọ́n bá pè lè yé yín ni. Ẹ tún bèèrè bóyá mg/dL ni àbí µmol/L, torí 20 ti ọ̀kan kì í ṣe 20 ti èkejì.

Lábẹ́ iná, ìhòhò ni ọmọ máa wà àyàfi ìlédìí, wọ́n á sì bo ojú rẹ̀. Ẹ máa fún un lọ́mú lóòrèkóòrè, torí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ni bílírúbínì ń bá jáde. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì kíákíá, ẹ má jókòó máa retí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sì pa iná náà, ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n máa tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, torí bílírúbínì lè tún gòkè.

4. Ẹ má sá fún pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń gbé ọmọ sá lọ ní ibí yìí, nítorí ìbẹ̀rù tàbí nítorí owó. Ìtọ́jú yìí ló yára jù láti fi gbé bílírúbínì kúrò lára ọmọ tó ti wà nínú ewu. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀sìn tàbí owó ni ìṣòro, ẹ sọ ọ́ jáde ní gbangba fún dókítà kó lè mọ ohun tó kù tó lè ṣe.

5. Kẹ́ ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ẹ gba ìwé. Ìgbésẹ̀ yìí làwọn èèyàn ń fò jù, òun sì ni ẹni tó máa yẹ etí wò máa kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ rí i pé nǹkan wọ̀nyí wà nínú rẹ̀:

- Iye tó ga jù tí bílírúbínì dé, àti ọjọ́ orí ọmọ nígbà náà
- Ọjọ́ mélòó ló lò lábẹ́ iná
- Bóyá wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀
- Ọ̀sẹ̀ mélòó ni oyún rẹ̀, àti ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tí ẹ bí i
- Bóyá ó ní àkóràn nínú ẹ̀jẹ̀, gìrì, tàbí kò sunkún nígbà ìbí
- Orúkọ gbogbo oògùn tí wọ́n fún un, pàápàá abẹ́rẹ́ gentamicin

Gentamicin lè pa etí lára lọ́nà tirẹ̀. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ kọ̀ ọ́ o; àkóràn tí wọ́n ń fi í wò lè gba ẹ̀mí ọmọ. Kí ó ṣáà ti wà lákọsílẹ̀. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ìwé náà kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì nínú ilé.

6. Ẹ bèèrè fún ABR ní orúkọ rẹ̀. Àyẹ̀wò méjì ni wọ́n ń ṣe fún etí ọmọ tuntun. Èyí àkọ́kọ́ ni OAE: wọ́n á ti nǹkan kékeré kan bọ etí ọmọ, á fi ohùn ránṣẹ́, etí inú á sì dá ìró díẹ̀ padà. Ó yá, ó rọrùn, owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò kọjá etí inú. Kò mọ ohun tó ń lọ lórí iṣan. ABR ló ń tọ ohùn náà láti etí gba orí iṣan dé ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Ọmọ tí jọ́ńdíìsì bá iṣan ìgbọ́ràn rẹ̀ jẹ́ lè yege OAE, kí wọ́n sì kọ "ó dára" fún un, kó wá kùnà pátápátá nínú ABR.

Nítorí náà, bí bílírúbínì ọmọ yín bá súnmọ́ iye tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀, tàbí tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tàbí tó fi àmì kankan hàn nínú èyí tí mo kọ sókè, ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́, jọ́ńdíìsì rẹ̀ ga, ABR la fẹ́, kẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò fún auditory neuropathy." Bí wọ́n bá ní OAE ti tó, ẹ fi ìwé hàn wọ́n, ẹ tún un sọ. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, àmọ́ ẹ má gbà kí wọ́n fi OAE nìkan lé yín lọ.

Ìgbà wo? Kí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kí ọmọ tó pé oṣù kan, bí ara rẹ̀ bá ti yá. Bó bá kùnà, kí ìdí rẹ̀ ti hàn kó tó pé oṣù 3, kí ìrànlọ́wọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó pé oṣù 6. Bí oṣù wọ̀nyẹn bá ti kọjá lórí yín, ẹ lọ náà. Lílọ lónìí sàn ju lílọ ní ọdún tó ń bọ̀.

7. Ẹ múra ọjọ́ ABR sílẹ̀. Kò dun ọmọ rárá. Wọ́n á lẹ nǹkan pẹlẹbẹ mọ́ iwájú orí àti ẹ̀yìn etí, wọ́n á fi ohùn sí etí rẹ̀, ọmọ á sì máa sùn. Oorun yẹn ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

- Ẹ má fi òrí, àdín tàbí ìpara kankan pa orí àti ojú ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ kò ní mú.
- Ẹ má jẹ́ kó sùn tán lójú ọ̀nà. Ẹ dá ọmú díẹ̀ dúró, kẹ́ ẹ fún un yó nígbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀, oorun á gbé e lọ.
- Ẹ mú aṣọ ìbora, ìlédìí mìíràn àti ìwé ìgbésẹ̀ 5 dání.
- Ẹ lọ nígbà tó ṣì kéré. Ọmọ tó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà, ó lè jẹ́ pé oògùn oorun ni wọ́n máa fún un.

8. Ẹ gba èsì níwèé, kẹ́ ẹ sì bèèrè ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà. Bí ABR bá dára, ẹ dúpẹ́, àmọ́ ọmọ tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ padà lọ fún àyẹ̀wò kíkún kó tó pé oṣù 9. Bí kò bá dára, ẹ má bara jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Iṣan tí bílírúbínì pa lára lè sàn díẹ̀díẹ̀ nínú ọdún àkọ́kọ́, kódà ó lè ré kọjá ọdún kan. Òun ló fi jẹ́ pé wọ́n máa tún ABR ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

## Àwọn àṣìṣe tí mò ń rí lemọ́lemọ́

Omi ìbẹ́pẹ, omi gúlúkóòsì, àgbo. Ikùn ọmọ kò ju kékeré lọ. Omi tẹ́ ẹ bá rọ síbẹ̀ ló ń gba àyè ọmú, ìgbẹ́ rẹ̀ á dín kù, bílírúbínì á sì tún padà wọnú ẹ̀jẹ̀. Òògùn apakòkòrò olómi tí kẹ́míìsì ń tà fún "ojú pípọ́n" náà kò gbé bílírúbínì lọ síbì kan.

Oòrùn àárọ̀. Mo mọ̀ pé èyí á fa àríyànjiyàn, torí nọ́ọ̀sì míì gan-an ń sọ ọ́. Ìtànṣán búlúù tó ń fọ́ bílírúbínì wà nínú oòrùn lóòótọ́. Wọ́n tiẹ̀ dán an wò ní Ilé Ìwòsàn Ìbímọ ti Island ní Èkó, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2015: ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀rá àkànṣe tó ń dènà ìtànṣán tó ń jó ara àti ooru ni wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ náà sí, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí nọ́ọ̀sì ń wọn ìgbóná ara wọn, tí wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níwájú ilé kì í ṣe irú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni gílóòbù funfun tí wọ́n so sókè ibùsùn.

Káńfọ̀ nínú aṣọ ọmọ. Bọ́ọ̀lù funfun tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má bà á jẹ́ yẹn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó fọ́ lọ́pọ̀ yanturu. Aṣọ òkè tí ìyá àgbà yọ láti ìsàlẹ̀ àpótí fún ìkómọ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó fi wé ọmọ. Ẹ yẹra fún róòbù tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù náà.

"Ó ń ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá dún, etí rẹ̀ dára." Ariwo ńlá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọmọ tún lè ta gìrì nítorí ilẹ̀ tó mì tàbí afẹ́fẹ́ tó fẹ́ lù ú.

"Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀." Gbólóhùn yìí ti gba ọdún méjì, ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn ọmọ kan. Bí ìyá ọkọ bá sọ ọ́, ẹ dáhùn jẹ́jẹ́: "Bẹ́ẹ̀ ni Mà, ẹ ṣeun. Àmọ́ ojú rẹ̀ pọ́n gan-an nígbà tí a bí i, ẹ jẹ́ ká kàn lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ọkàn wa balẹ̀." Kò sí ìjà níbẹ̀, ẹ sì máa lọ.

Rírọ epo tàbí omi ọmú sí etí. Ohun tó bà jẹ́ wà nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn etí inú. Epo kò débẹ̀.

## Bí kò bá sí ABR nítòsí

Àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè: UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, UITH ní Ìlọrin. Ẹ̀ka ENT (etí, imú àti ọ̀fun) ni kẹ́ ẹ bèèrè. Ilé ìtọ́jú etí ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Kàdúná. Kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò, ẹ pè kẹ́ ẹ bèèrè mẹ́ta: ṣé ẹ̀rọ ABR yín ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́? Ṣé ẹ ń ṣe é fún ọmọ ọwọ́? Èló ni?

Bí ẹ ṣì ń kó owó jọ, ẹ ṣe OAE tó wà nítòsí. Bó bá kùnà, ìyẹn ti sọ ohun kan fún yín. Bó bá yege, kò parí síbẹ̀. Ẹ máa ṣọ́ nǹkan wọ̀nyí nílé:

- Oṣù 3: ó ń dákẹ́ tàbí ó ń rẹ́rìn-ín bó bá gbọ́ ohùn yín kó tó rí yín
- Oṣù 6: ó ń yí ojú tàbí orí síbi tí ohùn ti wá
- Oṣù 9: ó ń sọ "bababa", "mamama"
- Oṣù 12: ó ń dáhùn sí orúkọ rẹ̀

Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí kò ti lè rí yín, kẹ́ ẹ pè é wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ má pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ ní ìlú ọba, wọ́n máa yẹ etí ọmọ wò fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bí jọ́ńdíìsì rẹ̀ bá ga tó ti ìpààrọ̀ ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n lè darí yín sí ẹ̀ka ìgbọ́ràn, ẹ má sì pa ọjọ́ àyẹ̀wò tí wọ́n bá dá fún yín jẹ nítorí pé ẹ fẹ́ wá sílé fún ọdún.

## Bí wọ́n bá sọ pé etí ti ní ìṣòro

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Wọ́n lè kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí i létí láti dán an wò. Ó ń ran àwọn ọmọ kan lọ́wọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan fún àwọn mìíràn, torí pé ó ń gbé ohùn sókè ni, kì í tún un ṣe. Bí kò bá ràn án, tí àkókò tí iṣan lè fi sàn sì ti kọjá, wọ́n lè sọ̀rọ̀ nípa cochlear implant, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbé sínú. Owó gọbọi ni, ó sì gba kíkọ́ ọmọ fún ọdún lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má dúró de ẹ̀rọ kankan kẹ́ ẹ tó máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ kọjú sí i, ẹ pa rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ súnmọ́ ọn, ẹ fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Èdè àfọwọ́sọ kì í dí ọmọ lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ lè fi kún un. Ẹ sì lo èdè tó yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu jù. Kò sídìí láti pa Yorùbá tì nítorí etí.

Ẹ tún jẹ́ kí dókítà ọmọdé wo ọrùn, ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀. Jọ́ńdíìsì tó débi etí lè ti kan ibi tó ń darí ìrìn àti gbígbé ojú sókè. Fisiotẹ́rápì tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ ń ṣe púpọ̀.

## Oyún tó máa tẹ̀ lé e

Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní jọ́ńdíìsì líle, ewu tirẹ̀ ga. Ẹ sọ ọ́ níbi tẹ́ ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ mú ìwé ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ìyá bá jẹ́ Rh nẹ́gátíìfù tí ọmọ sì jẹ́ pọ́sítíìfù, láàárín wákàtí 72 tó bí ni kí wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ anti-D, nítorí ọmọ tó tún ń bọ̀. Ẹ ra á sílẹ̀ ṣáájú; kì í ṣe gbogbo kẹ́míìsì ló ń tà á, inú fìríìjì ló sì gbọ́dọ̀ wà. Bí ẹ bá bí tán, kẹ́ ẹ má kúrò ní ilé ìwòsàn láìjẹ́ pé wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n máa tún wo ojú ọmọ náà fún yín, kí ọjọ́ náà sì bọ́ sí ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.